Ẹ Bi Wá: Ẹ Má Jẹ́ Kí Kámẹ́rà Ṣáájú Ẹ̀rù

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí dá lórí fíìmù found footage, ìyẹn fíìmù adẹ́rùbani tí wọ́n ṣe bí ẹni pé fídíò tí àwọn kan yà fúnra wọn ni, tí ẹlòmíì wá rí he lẹ́yìn tí aburú ti ṣẹlẹ̀ sí wọn. Kò gba owó rẹpẹtẹ. Fóònù kan àti ilé kan ti tó. A ṣa méje nínú àwọn ìbéèrè náà.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin la jọ ya fíìmù oníṣẹ́jú 9 nílé ẹ̀gbọ́n wa. Nígbà tí òkú yọ, ṣe làwọn tó ń wò ó bú sẹ́rìn-ín. Aṣọ òkú náà dáa, àtíkè ojú rẹ̀ náà dáa. Kí la ṣe tí kò dáa? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

Ẹ tún un wò, ṣùgbọ́n ẹ má wo òkú. Ọwọ́ ẹni tó ń ya fídíò ni kẹ́ ẹ wò. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé kámẹ́rà ti yí síbi tí òkú máa gbà yọ kó tó yọ, tó dúró jẹ́ẹ́, tó sì gbé e sáàárín gbùngbùn. Ta ló sọ fún un? Òǹwòran lè má mọ orúkọ àléébù yìí, àmọ́ ara rẹ̀ á ti sọ fún un pé olùdarí kan wà lẹ́yìn kámẹ́rà tó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti lọ sọ́dọ̀ olùdarí, ẹ̀rù ti tán, ẹ̀rín ló kù. Nínú irú fíìmù yìí, kámẹ́rà kò gbọdọ̀ mọ ohun tó ń bọ̀ ṣáájú ẹni tó gbé e lọ́wọ́.

Ẹ fún kámẹ́rà níṣẹ́ tirẹ̀. Ká ní àbúrò ń wá kọ́kọ́rọ́ ní pálọ̀, tí ẹ̀gbọ́n ń fi fóònù tànmọ́lẹ̀ fún un, tó sì ń yà á ṣe yẹ̀yẹ́. Àbúrò lẹ ó máa tẹ̀ lé. Òkú á ti dúró sẹ́nu kọ́rídọ̀, bíi mítà 4 tàbí 5 sẹ́yìn, kó má mira rárá. Ohun tó bá mira lojú ń tètè mú. Ohun tó dúró sójú kan ló ń múni ṣiyèméjì. Kí kámẹ́rà gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe ń tẹ̀ lé àbúrò, kí òkú sì wà létí àwòrán fún nǹkan bíi férémù 20 (férémù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò), bó bá jẹ́ férémù 30 lẹ̀ ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má yí i yàà. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan yí láti ògiri dé ògiri, àwòrán á kàn dàrú mọ́ra, kò sẹ́ni tó máa rí nǹkan kan.

Ẹni tó gbé fóònù kò rí òkú o. Ó ṣì ń fi àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Òǹwòran nìkan ló rí i, kò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí 6, kámẹ́rà á tún gba ibẹ̀ padà, kọ́rídọ̀ á ti ṣófo. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù wà.

Àtíkè tẹ́ ẹ ní ó dáa yẹn náà wà lára ìṣòro. Iná fóònù máa ń ta padà lára ohun funfun, ojú òkú á wá mọ́lẹ̀ ju gbogbo ohun tó wà nínú ilé lọ. Ẹ nù ún kúrò, ẹ fi eérú gbígbẹ díẹ̀ ra ojú náà. Ẹ má fi òróró pò ó, á máa dán.

Mo fẹ́ ya fíìmù tí kò sẹ́ni tó gbé kámẹ́rà lọ́wọ́, kó kàn dúró lórí tráípọ́ọ̀dù lóru. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni pé á sú àwọn èèyàn. (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

Kò ní sú wọn bí ẹ bá kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa wò ó. Fíìmù Paranormal Activity ni àpẹẹrẹ tó yanjú jù. Inú ilé ara rẹ̀ ní San Diego, ní Amẹ́ríkà, ni Oren Peli tó darí rẹ̀ ti yà á lọ́dún 2006, ọjọ́ 7 ló fi yà á, owó tó ná lé e kò sì ju nǹkan bíi dọ́là 15,000 lọ. Kámẹ́rà dúró sínú yàrá. Bẹ́ẹ̀dì wà lápá kan, ilẹ̀kùn tó ṣí sí kọ́rídọ̀ dúdú wà lápá kejì. Àwòrán kan náà yìí ló ń padà wá lálaalẹ́. Aago tó wà nígun ìsàlẹ̀ á máa sáré, wákàtí á máa kọjá lọ, lójijì á padà sí bó ṣe yẹ kó máa rìn. Kò sóhun tó tíì ṣẹlẹ̀, àmọ́ gbogbo ilé sinimá ti di ọwọ́ àga mú. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ṣe ẹ́dítì ló mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kò mira.

Ẹ fi àwòrán yàrá náà hàn ní alẹ́ méjì tí nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òǹwòran lè mọ ibi tí ohun gbogbo wà. Lálẹ́ kẹta, ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà: bàtà tó kọjú síta lánàá ti kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá yí ohun méjì padà, ojú á pín, kò sì sí èyí tó máa wọra. Ẹ lẹ téèpù mọ́lẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ tráípọ́ọ̀dù wà, kó lè máa padà síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ pẹ́ kí focus (bí àwòrán ṣe ń hàn kedere) àti ìmọ́lẹ̀ lè dúró sójú kan. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, fóònù á máa wá focus kiri nínú òkùnkùn, àwòrán á máa fẹ̀, á máa sún kì, òǹwòran á sì mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń dààmú.

Ọ̀nà kejì wà. Nínú Paranormal Activity 3, tó jáde lọ́dún 2011, ìdí fáànù ni wọ́n gbé kámẹ́rà lé, ó ń lọ láti pálọ̀ sí ilé ìdáná, ó ń bọ̀. Kò lè yára, kò lè dúró. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ni ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí wà, ẹ ó sì dúró dè é títí tó fi máa padà. Fáànù onídìíró ilé yín lè ṣe é. Ẹ yọ kéèjì iwájú àti abẹ́ rẹ̀, ẹ di fóònù mọ́ orí mọ́tò, kí ẹ fi fóòmù sáàárín wọn, nítorí gbígbọ̀n mọ́tò máa ń ba àwòrán jẹ́, ó sì lè ba kámẹ́rà fóònù fúnra rẹ̀ jẹ́. Nọ́ńbà 1 ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Fáànù tí kò ní abẹ́ máa ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Abẹ́ tẹ́ ẹ yọ yẹn náà ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí mọ́tò, nítorí náà á tètè gbóná. Bó bá ti tó ìṣẹ́jú 10, ẹ pa á kó tutù.

Kí ló dé tí ẹni tí ẹ̀rù ń bà á fi máa ya fídíò lọ? Gbogbo ẹni tó wo fíìmù mi ló ń béèrè. (Òǹkàwé, Òṣogbo)

Torí pé ẹ kò fún un nídìí kankan. Nílẹ̀ wa níbí, ìdí kan wà tó rọrùn jù: wọ́n ti mú iná lọ, iná fóònù nìkan ló kù, ẹni tó bá gbé fóònù sílẹ̀ ti wà nínú òkùnkùn nìyẹn. Kí bátìrì ti kù díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnìkan sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó má tún un sọ mọ́. Ìdí mìíràn tó dáa ni ẹ̀rí: ayálégbé kan ń ya ariwo tó ń gbọ́ lókè síìlì kó lè fi han lánlọ́ọ̀dù tó ní irọ́ ló ń pa. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gbé fóònù sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Bó bá wá di eré sísá, kámẹ́rà kò gbọdọ̀ kọjú síwájú dáadáa. Ọwọ́ ẹni tó ń sá máa ń jù ni. Ilẹ̀, ìsàlẹ̀ ṣòkòtò àti ògiri la máa rí. Kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 8 lọ, nítorí òòyì á kọ́ òǹwòran. Ẹ pa stabilization fóònù pẹ̀lú, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí àwòrán gbọ̀n. Ó ń mú kí àwòrán rọra léfòó, ẹni tó ń sá fún ikú kì í sì í léfòó.

A so okùn mọ́ ilẹ̀kùn kó lè dà bíi pé ó ń ṣí fúnra rẹ̀. Ṣe ló ń fò, kì í rọra ṣí, okùn náà sì tún ń hàn. (Òǹkàwé, Adó-Èkìtì)

Okùn ìpẹja funfun tó rí bíi rọ́bà yẹn lẹ lò, àbí? Ó máa ń nà. Bí ẹ ṣe ń fà á, ilẹ̀kùn dúró, okùn ń nà, agbára ń kó jọ sínú rẹ̀; nígbà tí hínjì bá jọ̀wọ́, gbogbo agbára yẹn á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló ń fò yẹn. Ẹ lo òwú tí kì í nà, bí òwú dúdú tí àwọn télọ̀ fi ń rán jíìnsì. Kò ní dán bí iná bá kàn án.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó so ohunkóhun, ilẹ̀kùn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ gba ìró kíríkírí rẹ̀ sílẹ̀ bó bá ń dún, ẹ máa nílò rẹ̀ nígbà ẹ́dítì. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá kán òróró ẹ̀rọ sí gbogbo hínjì rẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣí i kẹ́ ẹ máa tì í títí tí kò fi ní há mọ́. Ẹ ti ahọ́n kọ́kọ́rọ́ wọlé, kẹ́ ẹ lẹ téèpù lé e lórí. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ so òwú mọ́, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sókè ilẹ̀, ní etí tó jìnnà sí hínjì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí kámẹ́rà kò lè rí. Àwọn tó ń so ó mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn kò ro ó dáadáa: ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ má fi ọwọ́ fà á. Ọwọ́ máa ń gbọ̀n, ó sì máa ń sinmi láàárín. Ẹ ká òwú náà mọ́ ìgò, kí ẹni tó jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn máa yí ìgò náà díẹ̀díẹ̀. Yíyí rẹ̀ máa ń dọ́gba ju fífà lọ. Sẹ̀ǹtímítà 30 ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 8 ni kẹ́ ẹ máa lé. Kí ilẹ̀kùn má ṣí tán o. Kó ṣí débi tí orí èèyàn lè gbà, kó sì dúró.

Ẹ so òwú kejì mọ́ ojú kejì fún títì rẹ̀ padà, torí ìyẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ilẹ̀kùn tó ṣí, atẹ́gùn lè ṣí i. Ṣùgbọ́n bó bá ṣí, tó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 4, tó wá rọra ń tì padà bí ẹni tó yọjú wò tó sì rí i pé a ń wo òun, kò sí atẹ́gùn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé kẹ́ ẹ tó yà á. Bí kọ́tìnì bá mì pẹ́nrẹ́n báyìí, ẹ ti fún òǹwòran ní àwáwí tó ń wá.

Ní sinimá, ohùn wúwo tó ń gbọ̀n láyà ló ń dẹ́rù bà mí. Mo fi irú rẹ̀ sí tèmi, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ṣé kí n fi ìró orò sí i? (Òǹkàwé, Àkúrẹ́)

Wọn kò gbọ́ ọ torí orí fóònù ni wọ́n ti wò ó. Sípíkà fóònù kéré. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 100 Hz (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe rinlẹ̀ tàbí bó ṣe ròkè tó) kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde níbẹ̀ rárá. Ẹ gbé ẹ̀rù yín sáàárín 300 Hz sí 2,000 Hz: èékánná lórí páànù, ẹsẹ̀ lórí síìlì, àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Ẹ gbà á sílẹ̀ nínú ilé tẹ́ ẹ ti ya fíìmù gan-an, láti yàrá kejì, kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Èyí tẹ́ ẹ bá wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ jù, etí á mọ̀ pé kì í ṣe inú ilé yẹn ló ti dún.

Ẹ lo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò pẹ̀lú. Kó máa dún láti ìbẹ̀rẹ̀, fún bíi ìṣẹ́jú 3, títí etí á fi gbàgbé pé ó ń dún. Kó wá kú. Ìdákẹ́rọ́rọ́ tó tẹ̀ lé e ju ariwo èyíkéyìí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí fíìmù dákẹ́ pátápátá, nítorí òǹwòran á rò pé fóònù òun ti bàjẹ́ ni. Ẹ gba ohùn yàrá òfìfo sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 60, kẹ́ ẹ fi í sábẹ́. Fóònù fúnra rẹ̀ máa ń gbé ohùn sókè bí ibi bá ti dákẹ́, mímí ẹni tó gbé e á wá sún mọ́ etí wa. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí orin. Ta ló ń tẹ dùùrù nínú fídíò tí a rí he?

Ní ti orò, rárá o. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe ohun eré, obìnrin kì í sì í jáde nígbà rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ìró rẹ̀ síta lóru níbi tẹ́ ẹ ti ń ya fíìmù, àdúgbò á dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun tí gbogbo wa ti gbọ́ lẹ́nu àgbà ti tó: bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ láti ìta lóru, má jẹ́. Kí ohùn kan pe orúkọ ẹni tó gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, kó má pariwo. Bó bá fẹ́ jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, kí ìyá àgbà fọwọ́ bò ó lẹ́nu látẹ̀yìn. A ò ní rí ọwọ́ náà. A ó kàn gbọ́ tí ohùn rẹ̀ gé.

Mo fi REC pupa (àmì pé kámẹ́rà ń gbà á sílẹ̀) àti àmì bátìrì sí ojú fídíò mi, mo sì sọ ọ́ di àwọ̀ ewé kó lè dà bíi ti òru. Wọ́n ní ayédèrú ni. (Òǹkàwé, Peckham, London)

Wọn kò purọ́. Ojú ẹ̀rọ ni REC àti àmì bátìrì máa ń wà nígbà téèyàn bá ń ya fídíò. Wọn kì í wọ inú fáìlì. Ọjọ́ àti aago ló máa ń wọ inú ti CCTV. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, nítorí ẹnìkan á wà tó máa dá fídíò dúró láti wò ó bóyá 02:14 ló ṣáájú 02:11.

Kámẹ́rà fóònù ní gíláàsì tó ń dí iná infrared (iná tí ojú èèyàn kò lè rí), kò lè ríran nínú òkùnkùn bíi ti CCTV. Ẹ ra kámẹ́rà ilé kékeré kan tó ní infrared. Dúdú òun funfun ló máa gbé wá, ẹyinjú èèyàn á máa tàn, kòkòrò tó bá fò níwájú rẹ̀ á dà bí ìmọ́lẹ̀. Ẹ dán aṣọ wò kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé: aṣọ dúdú mìíràn máa ń funfun nínú iná yìí, òkú yín tó yẹ kó sá pamọ́ á wá hàn gbangba. Ọ̀pọ̀ nínú irú kámẹ́rà yìí kì í ya nǹkan àfi bí nǹkan bá mira, wọ́n sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jí. Ẹ lo ìyẹn. Kí fídíò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni náà ti wà láàárín pálọ̀, tí a kò rí ibi tó gbà wọlé.

Àwọn òṣèré mi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Báwo ni ẹ̀rù ṣe máa bà wọ́n lóòótọ́? (Òǹkàwé, Ìlọrin)

Fíìmù The Blair Witch Project ni kẹ́ ẹ wò. Nínú igbó kan ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, lóṣù Ọ̀wàrà ọdún 1997, àwọn òṣèré mẹ́ta fúnra wọn ló gbé kámẹ́rà, ọjọ́ 8 ni wọ́n sì lò nínú igbó. Daniel Myrick àti Eduardo Sánchez tó darí rẹ̀ kò fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa há sórí. Wọ́n ń fi ìwé pélébé sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èkejì kò sì mọ ohun tó wà nínú tirẹ̀. Lóru, àwọn tó ń ṣe fíìmù á wá máa pariwo yí àgọ́ wọn ká. Wọ́n tún ń dín oúnjẹ wọn kù. Ẹ má ṣe ìyẹn ní tiyín.

Ìwé pélébé yẹn ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ kọ ọ́ sí ti ẹnìkan pé, "Lónìí, má gbà kí wọ́n padà sílé." Ẹ kọ ọ́ sí ti èkejì pé, "Wàá padà sílé dandan." Ìjà tó máa bẹ́ sílẹ̀ kò ní dún bí ìwé kíkà. Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ ìdádúró kan tí kò lè ṣèèṣì wọ inú eré, bí "àgbàdo". Ẹni tó bá ti sọ ọ́, kí gbogbo nǹkan dúró. Ẹ gba kí wọ́n máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn. Kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa ní, "Ah, mo rí obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun lẹ́bàá kànga!" Ẹni tó rí i lóòótọ́ kì í ròyìn, ohùn kì í tiẹ̀ jáde. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù" náà, ẹ fún wọn ní ẹyọ kan péré nínú gbogbo fíìmù, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa ná an sí.

Bí ẹ bá máa yà á níta lóru, ẹ lọ rí àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò àti baálé, kẹ́ ẹ sọ aago tẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ àti aago tẹ́ ẹ máa parí. Kí ẹnìkan tí wọ́n mọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí tẹ́ ẹ fi máa ṣe tán, nítorí bí wọ́n bá gbọ́ igbe "ẹ gbà mí" láago kan òru, wọ́n á jáde, wọn ò sì ní jáde lọ́wọ́ òfìfo.